Irú Èwo Ni?

Fọ́tò yẹn ṣì wà nínú fóònù mi. Ìwé láàbù kékeré kan, orúkọ Bàbá Kékeré lókè, ọjọ́ orí 63, PSA 1.9, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wo próstéètì, ẹ̀yà ara kan lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, òdiwọ̀n tí láàbù náà ń lò jẹ́ 0 sí 4, torí náà wọ́n fi bírò máàkì ẹ̀ pé ó dáa. Bàbá fúnra wọn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí wa lórí WhatsApp, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "Ẹ bá mi yọ̀, próstéètì mi ò ní wàhálà kankan." Ẹ wá wo Àmín lọ́jọ́ náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe Àmín, Jos ṣe Àmín, ẹ̀gbọ́n mi ní Kánádà gbé ọwọ́ àdúrà mẹ́fà sílẹ̀, èmi tí mò ń gbé Gwarinpa l'Ábújá níbí, tí mo lè wakọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn ní Lugbe kí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó jinná, mo kọ "A dúpẹ́ o Bàbá mi" mo sì padà sídìí kọ̀ǹpútà mi. Kò sẹ́nì kankan nínú gbogbo wa tó béèrè pé kí ló ń ṣe wọ́n tí wọ́n fi lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì gan-an.

Bàbá Kékeré ni àbúrò tó tẹ̀ lé bàbá mi. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Apo Mechanic Village, Toyota nìkan. Ohun tí kọsítọ́mà mọ̀ mọ́ wọn ni pé tẹ́ ẹ bá dé tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ brake pad Camry, wọn ò ní dìde lórí àga. Wọ́n á kọ́kọ́ wò yín, wọ́n á ní, "Irú èwo ni?" Tẹ́ ẹ bá ní ṣebí Camry ni mo wí, wọ́n á tún bi yín, ti ọdún wo, púlọ́ọ̀gì mẹ́rin àbí mẹ́fà, ṣé ti Amẹ́ríkà ni àbí ti Yúróòpù. Mo máa ń jókòó tì wọ́n nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo rí oníbàárà tó bínú kúrò nítorí ìbéèrè, tó lọ ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù iwájú, tó tún gbé e padà wá nírọ̀lẹ́ pé kò wọlé. "Gbogbo ẹ̀ ló ń jẹ́ Camry, Àdùkẹ́," ni wọ́n máa ń sọ fún mi, "ṣùgbọ́n èyí tó wọ ọ̀kan ò ní wọ èkejì, tó o bá sì fipá tì í, wàá ba mọ́tò onímọ́tò jẹ́."

Nígbà tó wá kan ara tiwọn, oṣù mẹ́ta lé díẹ̀ kọjá lẹ́yìn tí dókítà ti fọwọ́ kan jẹjẹrẹ inú próstéètì wọn kí ẹnikẹ́ni tó béèrè irú èwo ni.

Gusau ni Bàbá dàgbà sí. Bàbá àgbà wa ń ta aṣọ níbẹ̀, láyé ìgbà tí ará Ògbómọ̀ṣọ́ kún gbogbo ilẹ̀ Haúsá, àwọn ọmọ a sì máa lọ lúwẹ̀ẹ́ lódò tí wọ́n bá ti dé láti ilé-ìwé. Fún ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ lódò bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ kì í ṣe nǹkan tó ń dẹ́rù bani. Tsargiya làwọn Haúsá ń pè é, àwa ń pè é ní àtọ̀sí ajá, aràn kan ló ń fà á tó máa ń kọ́kọ́ gbé inú ìgbín omi kó tó gba awọ ara èèyàn wọlé. Bàbá sọ fún mi pé kò sí ọmọkùnrin ládùúgbò àwọn tí ò tọ̀ ọ́ rí, àwọn kan tiẹ̀ rò pé àmì pé ọmọ ti ń dọkùnrin ni. Torí náà nígbà tí ìtọ̀ wọn pọ́n bíi zóbò lẹ́ni ọdún 62, wọn ò sọ fún ẹnì kankan. Wọ́n lọ sí kẹ́mísì kan, wọ́n fi Haúsá ṣàlàyé pé tsargiya ìgbà èwe ti padà dé, wọ́n tà wọ́n ní praziquantel, wọ́n lò ó, ẹ̀jẹ̀ dá. Ẹ̀jẹ̀ irú èyí máa ń lọ ó máa ń bọ̀ ni, oògùn lò ó o, o ò lò ó o, ṣùgbọ́n ta ló máa mọ̀. Ti pé wọ́n ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru, tí ìtọ̀ ń dá dúró lágbedeméjì, ọ̀rẹ́ wọn kan lọ́jà ló fún wọn lórúkọ oògùn mìíràn, finasteride, ó ní gbogbo àgbà ọkùnrin ló ń lò ó. Wọ́n lò ó fún bí ọdún kan kí wọ́n tó ṣe tẹ́ẹ̀sì PSA yẹn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi orúkọ oògùn yìí sọ́kàn.

Oṣù Jánúárì ni, ọyẹ́ ń fẹ́, ààgo mẹ́rin àbọ̀ ìdájí, Ìyá Ìbejì, ìyàwó wọn, pè mí. "Àdùkẹ́, bàbá ẹ ò lè tọ̀. Látàná." Mi ò mọ bí mo ṣe wọ mọ́tò. Ojú ọ̀nà ẹ́pọ́ọ̀tù dá páropáro, eruku ọyẹ́ bo iná mọ́tò, Bàbá na ara sórí síìtì ẹ̀yìn, wọ́n di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, wọn ò pariwo, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ èémí wọn. Nígbà tí wọ́n ti rọ́bà bọ̀ wọ́n lábẹ́ lọ́sibítù, ìtọ̀ tó lé ní lítà kan ló jáde, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sùn lọ bí ọmọ tuntun. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì mo sunkún fún ìtura, mo rò pé ó ti parí.

Dókítà tó wá láàárọ̀, ọmọbìnrin ni, ó lè jẹ́ àbúrò mi. Ó ní òun fẹ́ fi ìka yẹ próstéètì wọn wò láti ìdí. Ojú ti Bàbá, wọ́n ní kí n bá àwọn mú fóònù àwọn wá, wọ́n fi fọ́tò hàn án. "Ọmọ mi, mo ti ṣe PSA. 1.9 ni." Ó wo fọ́tò náà dáadáa, kò ṣàtakò, ó kàn ní, "Ẹ ṣeun Bàbá. Ẹ jẹ́ n yẹ̀ yín wò ná, ìwé ò lè bá mi yẹ̀ yín wò." Nígbà tó jáde, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n fi ìka tẹ ẹran ìdí àtàǹpàkò mi. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní bí próstéètì tó dáa ṣe máa ń rí lọ́wọ́ nìyẹn. Ó tún ní kí n tẹ kókó egungun ẹ̀yìn ọwọ́ mi, níbi tí ìka ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ohun tí òun fọwọ́ kàn nìyí.

Lẹ́yìn náà ló wá béèrè gbogbo oògùn tí Bàbá ń lò. Bó ṣe gbọ́ finasteride ló mi orí. Oògùn yẹn máa ń fà PSA wálẹ̀ tó ìdajì tí èèyàn bá ti lò ó tó oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, nítorí náà dókítà tó bá mọ̀ pé ẹ ń lò ó á sọ nọ́mbà yẹn di méjì kó tó gbà á gbọ́. 1.9 Bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4. Láàbù ò béèrè, Bàbá ò mọ̀ pé ó yẹ káwọn sọ, àwa náà ṣe Àmín.

Ṣùgbọ́n finasteride nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀ nìyí, torí pé èmi fúnra mi ò mọ̀ ọ́n títí ọ̀ràn fi délé wa. PSA jẹ́ pùrótéènì tí sẹ́ẹ̀lì próstéètì ń ṣe, òun ló ń jẹ́ kí àtọ̀ ọkùnrin ṣàn, díẹ̀ nínú ẹ̀ sì máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀. Jẹjẹrẹ próstéètì tó wọ́pọ̀, tó ju mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá, tí wọ́n ń pè ní acinar adenocarcinoma, ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe omi yẹn gan-an ló ti ń yọ. Bó tilẹ̀ ya wèrè, kò gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, á ṣì máa ṣe PSA, á máa ṣe é ní àṣejù, ìdí nìyẹn tí tẹ́ẹ̀sì fi ń rí i. Àwọn irú mìíràn wà tí wọn ò kọ́ iṣẹ́ yẹn rí, tàbí tí wọ́n ti gbàgbé ẹ̀. Iná igi ló máa ń rú èéfín, èèyàn á rí i láti òkèèrè. Iná èédú ń jó ní tiẹ̀, ó ń se ẹ̀wà jinná, ẹ ò ní rí nǹkan kan lókè òrùlé. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má ṣe PSA o. Ọ̀pọ̀ ìgbà tó bá kéré, ìròyìn ayọ̀ ni lóòótọ́. Mò ń sọ̀rọ̀ ẹni tí ara ẹ̀ ń pariwo, tí nọ́mbà sì ń sọ pé kò sí nǹkan.

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú ẹran láti ojú méjìlá nínú próstéètì, biopsy nìyẹn. Mi ò ní dárúkọ láàbù tó gbà á, ṣùgbọ́n mo máa sọ bó ṣe rí. Àwa la lọ ra formalin fúnra wa. Omi yẹn ló ń dá ẹran dúró kó má bàa jẹrà, ó sì yẹ kó pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran tó wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n dà sínú ìgò kékeré tí wọ́n gbé fún Táyé ọmọ Bàbá ò ju kó bo ìsàlẹ̀ ìgò lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Ìgò náà wà lórí tábìlì wọn láti Ọjọ́bọ̀ di Ọjọ́ Ajé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta èsì jáde: adenocarcinoma, Gleason 5+5, àpapọ̀ 10. Gleason yìí, orúkọ dókítà ará Amẹ́ríkà kan ni, Donald Gleason, tó gbé ọ̀nà kíka ìwà jẹjẹrẹ próstéètì kalẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1970, wọ́n ń lò ó káàkiri ayé dòní. 10 ló burú jù níbẹ̀. A gbà pé ó burú. A ò mọ̀ pé òdiwọ̀n Camry ni wọ́n fi wọn nǹkan tí kì í ṣe Camry.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ tó ń pa homónù ọkùnrin lẹ́nu mọ́. Ìmọ̀ yìí ti pẹ́, Charles Huggins ló fi hàn lọ́dún 1941 pé tí èèyàn bá fa testosterone, homónù ọkùnrin yẹn, kúrò nínú ara, jẹjẹrẹ próstéètì máa ń rọ, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ lọ́dún 1966, àìmọye bàbá ló sì ti torí ẹ̀ rí ọmọ-ọmọ. Fún irú tó wọ́pọ̀, oògùn gidi ni. Oṣù méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, PSA Bàbá di 0.8. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe ń kọ èyí. A tún gbé e sórí WhatsApp. A tún ṣe Àmín.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Bàbá ń yọ́. Bẹ́líìtì wọn gba ihò tuntun méjì. Wọn ò lè jẹun, ọ̀tún ikùn ń dùn wọ́n, egungun ìbàdí ń dùn wọ́n débi pé wọ́n ń fẹ̀yìn ti ògiri kí wọ́n tó lè jókòó. Ìyá Ìbejì ń wí lójoojúmọ́ pé nǹkan ò lọ déédéé, àwa ọmọ tó kàwé ń fi PSA 0.8 dá wọn lóhùn. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn lórí èyí, mo tún ń tọrọ ẹ̀ níbí. Oṣù Éépírì ni dókítà ọmọbìnrin yẹn ní ká lọ ṣe síkáànù. Ẹ̀dọ̀ Bàbá kún fún kókó. Àwọn ibì kan nínú egungun ti ń jẹ dànù. Ó kó gbogbo ìwé náà jọ sórí ibùsùn, ti PSA, ti síkáànù, ti biopsy, ó wò wọ́n títí, ó wá fi Yorùbá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀: "PSA ń lọ sílẹ̀, Bàbá náà ń lọ sílẹ̀. Irú èwo gan-an là ń tọ́jú yìí?"

Bàbá ṣí ojú, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan nìyẹn.

Ohun tí dókítà béèrè ni búlọ́ọ̀kù. Tí wọ́n bá ti mú ẹran lára èèyàn, inú ìda ni wọ́n máa ń dì í sí, nínú ike pẹlẹbẹ kan tí kò tó páálí ìṣáná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gé e féléfélé sórí gíláàsì. Búlọ́ọ̀kù yẹn ò gbọdọ̀ sọnù, torí pé ẹni tuntun lè tún un kà lẹ́yìn ọdún púpọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n tún gún ẹnì kan lábẹ́rẹ́. Láàbù àkọ́kọ́ ní àwọn ò rí i. Táyé jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kò jà, kò pariwo, ó kàn jókòó, ní ọjọ́ kejì nírọ̀lẹ́ wọ́n rí i. Ó fi í sápò àyà, ó wọ rélùwéè ní Idu lọ sí Rigasa ní Kaduna, ó tún wọ mọ́tò lọ síwájú, sí ọsibítù ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ti lè ṣe irú àyẹ̀wò tí a ń wá. Mo kìlọ̀ fún un pé kó má gbé e sílẹ̀ nínú mọ́tò lábẹ́ oòrùn, ìda ni, ó lè yọ́.

Àyẹ̀wò ọ̀hún, bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, ọ̀rọ̀ àró ni, mo sì rántí kòtò àró Kofar Mata ní Kano tí Bàbá mú wa lọ wò nígbà kan. Èyí tí gbogbo láàbù ń ṣe, àró méjì ni wọ́n fi ń kun ẹran, ọ̀kan máa ń mú un jọ àlùkò, èkejì máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, dókítà á wá fi ojú wo bí sẹ́ẹ̀lì ṣe tò. Sẹ́ẹ̀lì Bàbá kéré, wọ́n fún ara wọn pọ̀ bí èrò inú mọ́tò Nyanya láàárọ̀, formalin tí ò tó sì ti bà wọ́n jẹ́ lójú. Ẹni tó kọ́kọ́ kà á rí jẹjẹrẹ tó dàrú, ó kọ orúkọ tó wọ́pọ̀. Àyẹ̀wò kejì ń lo àró tó mọ ilé tó ń lọ, pùrótéènì kan ṣoṣo ló máa ń so mọ́, tí pùrótéènì yẹn bá wà níbẹ̀, ojú ibẹ̀ á di búráùn. Wọ́n kun ún fún PSA, kò di búráùn. Wọ́n kun ún fún synaptophysin, chromogranin àti CD56, àwọn pùrótéènì tó jẹ́ àmì ìdílé sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí wọ́n ń pè ní neuroendocrine, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di búráùn. Small cell carcinoma, jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì kéékèèké, ìdílé neuroendocrine yẹn ló ti wá. Wọ́n ní ká tún ṣe síkáànù àyà, torí inú ẹ̀dọ̀fóró ni irú ẹ̀ ti wọ́pọ̀, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ibẹ̀ ló ti wá. Ẹ̀dọ̀fóró Bàbá mọ́. Próstéètì ló ti bẹ̀rẹ̀.

Irú èyí ò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Wọn kì í tilẹ̀ fún un ní nọ́mbà Gleason. Kì í mú PSA jáde, kì í gbọ́ ti homónù, ó sì máa ń sáré lọ sí ẹ̀dọ̀, egungun, ọpọlọ. Ìwé kejì yìí ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹwàá nínú mọ́tò ní pákì Jabi.

Láti ìgbà yẹn mi ò sùn dáadáa, mo ń kà. Mo ka ti ductal, tó máa ń hù nínú ọ̀nà omi tó tóbi nítòsí ibi tí ìtọ̀ ń gbà, ìyẹn lè mú ẹ̀jẹ̀ wá tètè, ìka dókítà lè má kàn án, PSA lè má ga tó bó ṣe burú tó. Mo ka urothelial, tó ń yọ lára awọ inú ọ̀nà ìtọ̀, bí ti àpò ìtọ̀ ni wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Mo ka sarcoma, tó ń yọ lára iṣan, ìyẹn ò mọ àgbà, irú kan wà níbẹ̀ tó ń mú ọmọdé, PSA wọn á sì wà bó ṣe yẹ kó wà. Mo dúró pẹ́ lórí squamous, tó jẹ́ jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ, torí tsargiya. Àtọ̀sí ajá tó bá pẹ́ lára máa ń fa jẹjẹrẹ squamous nínú àpò ìtọ̀, èyí dájú, dókítà náà sì sọ fún mi pé nígbà tóun gbọ́ Gusau àti odò, ìyẹn ló kọ́kọ́ wá sóun lọ́kàn. Kì í ṣe òun ló padà jẹ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ẹnì kan ronú nípa ibi tí Bàbá ti lúwẹ̀ẹ́.

Èyí tó yẹ kí àwọn tí bàbá wọn ń gba abẹ́rẹ́ homónù lọ́wọ́ mọ̀ ni pé small cell lè má bẹ̀rẹ̀ bí small cell. Ó lè jẹ́ irú tó wọ́pọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, kó gba ìtọ́jú dáadáa, lẹ́yìn ọdún mélòó kan kó paradà. PSA á dákẹ́, nǹkan á máa hù. Tí síkáànù bá ń burú tí PSA ò sì gbéra, ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n tún mú ẹran wò, pàápàá láti ibi tuntun tó dé sí.

Nǹkan kan tí mo kà tí kò kúrò lọ́kàn mi: lọ́dún 1853, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Adams ní London Hospital kọ nípa aláìsàn kan tí wọ́n fi awò wo próstéètì ẹ̀ tí wọ́n rí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Ó pè é ní àìsàn tó ṣọ̀wọ́n gan-an. Jẹjẹrẹ próstéètì gan-an o! Èyí tó jẹ́ pé òun ló wọ́pọ̀ jù lára ọkùnrin Nàìjíríà lónìí. Awò ló ṣọ̀wọ́n nígbà náà, ojú tó ń wò ló ṣọ̀wọ́n, àwọn ọkùnrin ò sì pẹ́ láyé tó báyìí. Mo máa ń bi ara mi pé bàbá mélòó ní ilẹ̀ Haúsá, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbikíbi, ni wọ́n ti kọ adenocarcinoma sí lára tí búlọ́ọ̀kù wọn sì ti jóná pẹ̀lú ìdọ̀tí, tí kò sẹ́ni tó kun ún ní àró kejì torí pé owó ẹ̀ pọ̀ àbí láàbù ò ní in. Irú tí a ò bá wá, dandan ni kó ṣọ̀wọ́n.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, nínú oṣù Júùnù, carboplatin àti etoposide, ọjọ́ mọ́kànlélógún mọ́kànlélógún. Inṣọ́ránsì ò sí. Ẹ̀gbọ́n mi ní Kánádà san méjì, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta spare parts ní Apo, Igbo àti Haúsá àti Yorùbá, dáwó jọ san ọ̀kan, mo ta mọ́tò mi. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì, Bàbá jẹ àmàlà. Àmàlà gidi, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, wọ́n sì bínú pé ẹran kéré. Wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n jókòó sórí àga wọn, oníbàárà kan wá béèrè radiator, mo gbọ́ tí wọ́n ní "Irú èwo ni?" ohùn wọn ti rẹ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n ó dé òdì kejì. Síkáànù fi hàn pé kókó inú ẹ̀dọ̀ ti rọ sí ìdajì. Oṣù mẹ́ta tó dáa nìyẹn. Mo bi dókítà léèrè pé ká ní a ti mọ̀ ní Jánúárì ńkọ́, ó ní òun ò ní parọ́ fún mi, irú èyí sábà máa ń ti tàn kálẹ̀ kí wọ́n tó rí i, kò dájú pé wọn ì bá yè. Ó ní ṣùgbọ́n a ì bá bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń gbọ́ nígbà tí wọ́n ṣì sanra. Mo ń ka oṣù wọ̀nyẹn lọ́nà tèmi: àwo àmàlà mélòó ni, Sátidé mélòó ní ṣọ́ọ̀bù.

Jẹjẹrẹ náà padà wá ní Òkìtóbà, ó sì dé orí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn Bàbá, Haúsá nìkan ni wọ́n ń sọ, Haúsá ọmọdé Gusau, wọ́n ń pe àwọn ọ̀rẹ́ tí Ìyá Ìbejì ò mọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ káwọn lọ sódò kí oòrùn tó wọ̀. Wọ́n jáde láyé nínú oṣù Fẹ́búárì, oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìwé kejì yẹn.

Táyé ló jókòó sórí àga ní Apo báyìí. Ọmọ ọdún 34 ni. Mo lọ bá a lọ́sẹ̀ tó kọjá torí ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ̀sì, mo ní láti ẹni ogójì ọdún sí márùndínláàádọ́ta ló yẹ kí àwa aláwọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í bá dókítà sọ ọ́, kó má dúró dìgbà tí ìtọ̀ bá dí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ṣáà ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì máa gbàgbé. Ẹ kọ ohun tí mo máa béèrè fún mi." Mo ya páálí púlọ́ọ̀gì kan, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀ bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn: kí wọ́n fi ìka yẹ̀ ọ́ wò, má jẹ́ kí ojú tì ọ́, sọ gbogbo oògùn tó ò ń lò, ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ àgbà ọkùnrin, má lọ sí kẹ́mísì, tí wọ́n bá mú ẹran, formalin gbọ́dọ̀ kún, búlọ́ọ̀kù dà, ta ló kà á, ṣé ẹlòmíì lè tún un kà, tí nọ́mbà bá ń sọ ọ̀kan tí ara ń sọ òmíràn, gba ti ara gbọ́. Ààyè ti tán, mo wá fi lẹ́tà ńlá kọ èyí tó kù sí etí páálí náà. Táyé kà á, ó fa téèpù tí wọ́n fi ń di wáyà yọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà, ibi tí Bàbá máa ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí. Oníbàárà kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ shock absorber Corolla.